Wákàtí Kan Ààbọ̀ sí Kánò

Bàtà méjèèjì lọ́wọ́ kan, ìwé tó fi ọ̀rá wé lọ́wọ́ kejì, ẹrẹ̀ Ìfọ̀ dé orúnkún: bí Yaqub ṣe wọ sáíbà kafé tí Fadilah ti ń ṣiṣẹ́ nìyẹn, lọ́dún 2006. Fadilah fẹ́ bínú, torí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ nu ilẹ̀ tán ni. Àmọ́ ẹ̀rín ló pa á.

"Àǹtí, ẹ má bínú. Bàálù ni mò ń tún ṣe, ilé iṣẹ́ wa ń gbé mi lọ sí Kánò. Ẹ bá mi wò ó, báwo ló ṣe jìn tó láti Ìkejà?"

Fadilah tẹ kọ̀ǹpútà. "Ẹgbẹ̀rin kìlómítà ó lé díẹ̀. Wákàtí kan ààbọ̀ nínú bàálù."

"Kò jìn rárá! Màá máa wá da ẹrẹ̀ sílẹ̀ fún yín lóṣooṣù."

"Ẹ máa mú aṣọ ìnulẹ̀ yín dání."

Ó sì ń mú un wá lóòótọ́. Nígbà tí aṣọ ìnulẹ̀ fi pé mẹ́fà, ìfẹ́ Yaqub ti wọ Fadilah lára, kò sì purọ́ fún ara rẹ̀.

Láwàlì, bàbá Fadilah, ló yarí nígbà tó gbọ́ pé Yaqub fẹ́ fi ọmọ òun ṣaya. Ogún ọdún ló fi wa tírélà lọ sí Kánò. Ibẹ̀ ló wà nígbà tí ìyá tó bí i kú. Ọjọ́ kẹta ló délé, wọ́n sì ti sin ín lọ́jọ́ tó kú gan-an, bí ẹ̀sìn ṣe wí. Látìgbà náà ló ti búra: ọmọ òun kankan kò ní gbé ibi tí òun kò lè kírun Àsùbáà ìdájí nílé, kí òun sì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kí ìrun Àsárì ìrọ̀lẹ́ tó tó.

Yaqub dọ̀bálẹ̀. "Bàbá, wákàtí kan ààbọ̀ ni."

"Ẹnu kọ̀ǹpútà nìyẹn. Èmi mọ Kánò. Ọjọ́ méjì ni."

"Ẹ jẹ́ ká jọ lọ. Tá ò bá débẹ̀ kí Àsárì tó tó, mi ò ní tọrọ Fadilah lọ́wọ́ yín mọ́."

Fadilah yíjú sí i. Ta ló ní kó ṣe irú ìlérí yìí?

Lọ́jọ́ tí wọ́n dá, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kírun Àsùbáà, wọ́n wọ takisí. Wọn ò tíì kúrò ládùúgbò tí táyà fi rì sínú ẹrẹ̀. Yaqub tì í, kò lọ. Wákàtí méjì kọjá. Bí Láwàlì bá kàn jókòó, ó ti borí. Fadilah wo bàbá rẹ̀.

Láwàlì mí kanlẹ̀. Ó bọ́ fìlà, ó ká ṣòkòtò, ó sọ̀ kalẹ̀. "Ẹ wá òkúta fún mi. Ṣé bí wọ́n ṣe ń yọ táyà nìyẹn?"

Bàálù àárọ̀ ti lọ kí wọ́n tó dé Ìkejà. Ti aago kan ni wọ́n wọ̀. Lójú òfuurufú, Láwàlì gbé iwájú orí ti fèrèsé.

"Gbogbo ilẹ̀ yìí ni mo fi ẹkún wa tírélà kọjá lọ́jọ́ yẹn," ó wí. Fadilah di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ yàrá Yaqub ní Kánò ni ládàánì pe ìrun Àsárì. Láwàlì wo ẹrẹ̀ tó gbẹ mọ́ ẹsẹ̀ òun fúnra rẹ̀.

"Kánò ò jìn," ó wí. "Ìfọ̀ ló jìn. Yaqub, gbé omi àlùwàlá wá. Tá a bá kírun tán, ránṣẹ́ sáwọn èèyàn rẹ kí wọ́n wá tọrọ ọmọ mi."

Fadilah wo ilẹ̀ yàrá náà tí ẹrẹ̀ ti bàjẹ́. Ó fa aṣọ ìnulẹ̀ kan yọ nínú báàgì, ó nà án sí Yaqub.

"Ó yá, ọkọ mi. Ó kàn ọ́."