Ẹni Tí Ó Ń Pa Ọkọ̀ Lójú Ọ̀nà Ọ̀kà

Ọkọ̀ náà kú mọ́ Ìbílọlá lọ́wọ́ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Òkè Ọ̀kà, pẹ̀lú àwọn ọmọ ilé-ìwé nínú rẹ̀. Kò rú èéfín, kò ta gìrì. Ó kàn dákẹ́ bí ẹni tí wọ́n fọwọ́ bò lẹ́nu. Gbogbo iná iwájú rẹ̀ tàn lẹ́ẹ̀kan náà, pupa àti ìyeyè. Ìbílọlá yí sítíárìn, sítíárìn le bí igi. Ó tẹ bíréèkì, bíréèkì dà bí òkúta lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọkọ̀ sì ń sáré sí i.

"Ẹ di ara yín mú! Ẹ di ara yín mú!"

Apá òsì ni ọ̀gbun wà, apá ọ̀tún ni àpáta. Ó fi gbogbo agbára èjìká rẹ̀ fa ọkọ̀ sí ọ̀tún, ó jẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ máa ha àpáta títí ó fi dúró. Àwọn ọmọ ń ké. Fúnminíyì nìkan ni kò ké. Ó ń wo apá rẹ̀ tí ó tẹ̀ níbi tí kò yẹ kí apá ti tẹ̀.

Láti ìgbà tí ọkọ Ìbílọlá ti kú ni ó ti ń fi ọkọ̀ tí ó fi sílẹ̀ gbé ọmọ ọlọ́mọ láti Ọ̀kà lọ sí ilé-ìwé ní Ìkàrẹ́. Ọmọ kan kò ṣèṣe rí lọ́wọ́ rẹ̀. Orúkọ rere yìí ni gbogbo ohun tí ó ní. Ọjọ́ kan péré ló gbà kí ó bàjẹ́. Ní ilé ìwòsàn, Rachel, ìyá Fúnminíyì, na ìka sí i lójú.

"Fóònù lẹ ń tẹ̀! Ẹ̀ ń tẹ fóònù, ẹ fẹ́ pa mí lọ́mọ!"

"Rachel, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́, ọkọ̀ ló kú."

"Ẹ sọ fún ọlọ́pàá."

Wọ́n wọ́ ọkọ̀ náà lọ sí agbo ilé Ògúnmọ́lá, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, lábẹ́ Òkúta Adití. Àpáta ńlá ni Òkúta Adití. Bí ènìyàn bá ti wọ abẹ́ rẹ̀, fóònù rẹ̀ kò ní gbọ́ ohunkóhun mọ́, àfi tí ó bá jáde padà sí oríta. Ọmọdé Ọ̀kà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àlejò ni kò mọ̀.

Àlejò ni Godwin. Ìlú òkèèrè ni ó ti wá ṣí ṣọ́ọ̀bù sí Ìkàrẹ́, kò sì jẹ́ kí ọ́ìlì ta sí aṣọ rẹ̀. Kọ̀ǹpútà ni ó fi ń tún ọkọ̀ ṣe. Nígbà tí olè ọkọ̀ àti ajínigbé ń da Àkókó láàmú, òun ni ó ń fi ẹ̀rọ kékeré kan sínú ọkọ̀ àwọn ènìyàn, títí kan ti Ìbílọlá àti ti Ògúnmọ́lá, ẹ̀rọ tí yóò máa sọ ibi tí ọkọ̀ wà bí olè bá gbé e. Wọ́n ṣàdúrà fún un. Láti ìgbà náà ni ọkọ̀ ti ń kú kiri láìnídìí. Bí ó bá kú, Godwin ni wọ́n á pè, yóò sì jí i. Wọ́n ní ọwọ́ rẹ̀ dára.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n pè é, ó so kọ̀ǹpútà mọ́ ọkọ̀ Ìbílọlá, ó tẹ fóònù rẹ̀, ó dúró. Ó tún un tẹ̀. Òógùn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn létí rẹ̀.

"Mummy, oòrùn ibí yìí kò dára fún kọ̀ǹpútà. Ẹ jẹ́ ká tì í dé oríta."

"Oòrùn wo?" ni Ògúnmọ́lá wí. "Ṣebí abẹ́ òjìji àpáta la wà."

Wọ́n tì í dé oríta. Godwin tún tẹ fóònù rẹ̀, ó yí kọ́kọ́rọ́, ọkọ̀ sì jí bí ẹni pé kò ṣàìsàn rí.

Nígbà tí ó di ọ̀sán, Ìbílọlá jókòó níwájú Ìnsípẹ́kítọ̀ Àsàmáù ní àgọ́ ọlọ́pàá. Obìnrin Ìkàrẹ́ ni Àsàmáù, kì í pariwo. Godwin dúró lẹ́bàá ògiri.

"Màmá, níbo ni fóònù yín wà nígbà náà?"

"Nínú àpò mi."

"Ṣé ẹ tòògbé ni?"

"Ta ní í tòògbé ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Ọ̀kà?"

"Ẹni tó tún un ṣe ní kò sí ohun tó ṣe é."

"Tí kò bá sí ohun tó ṣe é, kí ló wá tún ṣe?"

Àsàmáù yíjú sí Godwin. Godwin rẹ́rìn-ín.

"Ìdọ̀tí díẹ̀ ló wà lára ọpọlọ ọkọ̀, Madam. Ìdọ̀tí kì í pa ọkọ̀ tó ń lọ. Àwọn ìyá wa ti ń dàgbà ni. Ó yẹ kí wọ́n sinmi."

Ó dágbére, ó jáde. Àsàmáù mí kanlẹ̀. "Màmá, bí mi ò bá rí nǹkan mìíràn, ọjọ́ Ajé lẹ máa fojú ba ilé-ẹjọ́."

Bí ó ti ń sọ̀rọ̀ ni fóònù rẹ̀ dún lórí tábìlì: tín-ìn! Ẹnìkan fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí i. Ìbílọlá ta gìrì.

"Bẹ́ẹ̀ náà ló dún!"

"Kí ló dún?"

"Fóònù ọkọ mi Ògúnmọ́lá, àti tèmi. Nígbà tí a ti ọkọ̀ dé oríta, gbogbo iṣẹ́ tí wọ́n rán sí wa láti àná wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Ìgbà náà ni ọkọ̀ jí. Lábẹ́ Òkúta Adití, kò lè jí i. Ìnsípẹ́kítọ̀, ọkọ̀ yẹn ń gbọ́ iṣẹ́ bíi fóònù. Ẹni tó jí i ló pa á!"

Àsàmáù dìde, ó ti ilẹ̀kùn. "Bí mo bá mú un báyìí, á ní ẹlòmíràn ló ṣe é. Mo fẹ́ kí fóònù rẹ̀ fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́."

Ní ìrọ̀lẹ́, fóònù Ìbílọlá dún ní oríta. Ohùn Godwin rọ̀ bí òrí.

"Mummy, mo gbọ́ pé ẹ pẹ́ lọ́dọ̀ ọlọ́pàá."

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Ẹ máa ṣọ́ra. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Ọ̀kà kò mọ opó."

Síbẹ̀, ní ọjọ́ kejì, Ìbílọlá wọ ṣọ́ọ̀bù Godwin bí ẹni tí agbára rẹ̀ ti pin.

"Godwin, má bínú. Ìbànújẹ́ ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu mi."

"Ó ti tán, Mummy."

"Ọkọ mi Ògúnmọ́lá nìkan ló ń ṣe agídí. Ó ní bí ilẹ̀ bá mọ́, òun á gbé ọkọ̀ òun lọ sí Ọ̀bà, kí réwáyà kan tó ń ṣe iná ọkọ̀ yọ ẹ̀rọ rẹ yẹn dànù."

Ẹ̀rín kú lẹ́nu Godwin. "Bàbá yẹn fẹ́ kí olè gbé ọkọ̀ wọn ni?"

"Àgbà ni. Ta ló lè bá wọn wí?"

Ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọkọ̀ Ògúnmọ́lá kò kúrò lábẹ́ Òkúta Adití. Òun àti Ìbílọlá dúró títí oòrùn fi gun orí àpáta. Ìbílọlá wá gun òkè lọ sí oríta, ó pe Godwin.

"Gbà wá o! Ọkọ̀ ọkọ mi ti kú!"

"Ṣé mo sọ tàbí mi ò sọ? Mo ń bọ̀."

Ọ̀kadà ló gbé e dé oríta, ó já a sílẹ̀, ó yí padà. Ògúnmọ́lá mú un wọ agbo ilé. Ọkọ̀ wà níbẹ̀, ó dojú kọ ọ̀nà, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń kùn wúyẹ́wúyẹ́.

"Ẹ ní ó kú."

"Ìwọ lo gbà gbọ́ pé ó kú," ni Ògúnmọ́lá wí. "Kí ló mú un dá ọ lójú bẹ́ẹ̀?"

Àsàmáù yọ lẹ́yìn ilé. "Godwin, a fẹ́ fọwọ́ ti ọkọ̀ yìí dé oríta pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́. Gbé fóònù rẹ wá, ká jọ wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀."

Godwin wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó fi èjìká gbá Ògúnmọ́lá ṣubú, ó fò sínú ọkọ̀, ó sì sá. Ìbẹ̀rù ti gba ọgbọ́n lórí rẹ̀. Kò rántí iṣẹ́ tí ó ti fi ránṣẹ́ láti Ìkàrẹ́ ní òwúrọ̀, iṣẹ́ tí Òkúta Adití kò jẹ́ kí ọkọ̀ gbọ́, tí ó sì ń dúró dè é ní oríta.

Ìbílọlá sáré tẹ̀ lé e. Bí ọkọ̀ ti kọjá oríta, ó dákẹ́. Gbogbo iná iwájú rẹ̀ tàn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí lọ sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ìbílọlá rí i tí Godwin ń bá sítíárìn jà, ó sì gbọ́ igbe rẹ̀. Igbe àwọn ọmọ náà gan-an ni. Òkìtì yanrìn tí kọ́lékọ́lé kan dà sẹ́bàá ọ̀nà ló gba ọkọ̀ mú.

Godwin ṣí ilẹ̀kùn, ó bọ́ sílẹ̀. Ó jókòó sínú yanrìn. Fóònù àpò rẹ̀ dún: tín-ìn! Àsàmáù sáré dé, ó fà á yọ, ó kà á sókè: ọkọ̀ Ògúnmọ́lá jábọ̀ pé òun ti jẹ́ iṣẹ́ tí a rán òun, òun ti pa ẹ́ńjìnnì.

"Ta lọkọ̀ ń jábọ̀ fún?"

"Èmi ni."

"Ti Màmá yìí ńkọ́?"

"Èmi náà ni. Tí ó bá kú, wọ́n á pè mí. Ohun tí mo fi ń jẹun nìyẹn."

Ìbílọlá súnmọ́ ọn. "O ní ẹ̀rọ yẹn ń sọ ibi tí ọkọ̀ wà. Ṣé kò sọ fún ọ pé orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ la wà?"

Godwin wolẹ̀. "Ó sọ, Mummy. Mi ò wò ó ni."

Àsàmáù fi ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́ sí i lọ́wọ́.

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, àwọn ọlọ́kọ̀ ti tò sílé Hussain, réwáyà Ìkàrẹ́, ó ń tú ẹ̀rọ náà kúrò lára ọkọ̀ wọn, àwọn ọlọ́pàá sì ń kó o. Ní ọjọ́ Ajé, dípò ilé-ẹjọ́, Ìbílọlá wà lẹ́nu ọ̀nà ilé Ògúnmọ́lá, ó ń nu ọkọ̀ rẹ̀. Ó rò pé ọmọ kankan kò ní wá. Rachel ni ó kọ́kọ́ yọ, ó di ọwọ́ Fúnminíyì tí apá rẹ̀ wà nínú báńdéèjì.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà," ni Rachel wí. Kò lè parí rẹ̀. Ó ṣí ilẹ̀kùn, òun náà bá ọmọ rẹ̀ wọlé. Àwọn tó kù tẹ̀ lé wọn.

Ìbílọlá ń wakọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Bí wọ́n ti jáde lábẹ́ Òkúta Adití tí wọ́n dé oríta, fóònù rẹ̀ dún nínú àpò: tín-ìn! Àwọn ọmọ di ara wọn mú. Rachel di ẹ̀yìn àga mú. Ìbílọlá pàápàá dá èémí rẹ̀ dúró.

Ọkọ̀ ń lọ.