Ọjọ́ Tí Ejò Kì í Bu Ènìyàn Jẹ ní Gbaffo

Aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni wọ́n gbé Éloi, àgbẹ̀ oníṣu kan láti Gbaffo, dé ilé ìwòsàn kan ní Dassa-Zoumè. Paramọ́lẹ̀ ti bù ú jẹ ní kókósẹ̀. Sandrine, ọmọbìnrin tó ń tọ́jú ilé oògùn, sáré ṣí fìríìjì, kò bá ẹyọ ìgò kan. Oògùn oró ejò ti tán pátápátá! Orí ló yọ Éloi, tí ọkọ̀ kan gbé e sáré lọ sí ìlú mìíràn tí wọ́n ti rí oògùn fún un.

Wọ́n tú ìwé wò. Ìwé ní ìgò méjìlá ti jáde láàárín oṣù méjì, fún ará Gbaffo méjìlá tí ejò bù jẹ. Ọlọ́pàá wá àwọn èèyàn náà dé Gbaffo, wọn kò rí ẹnikẹ́ni tó ń jẹ́ irú orúkọ bẹ́ẹ̀. Ayédèrú ni ìwé ìgboògùn méjèèjìlá tí wọ́n fi gba ìgò náà.

Ta ló wá kọ wọ́n? Sandrine ní Májọ̀ Achille, olórí àwọn nọ́ọ̀sì, ló fọwọ́ ara rẹ̀ mú wọn wá, òun náà ló sì gba oògùn lọ, pé òun kò sì tó ọ̀gá bi léèrè. Achille ní irọ́ gbuu ni, pé Sandrine ló kọ wọ́n, tó sì ṣe àfarawé ìfọwọ́sí òun. Ọ̀rọ̀ ọ̀gá ni wọ́n gbọ́. Wọ́n ti Sandrine mọ́lé, wọ́n sì ní ọjọ́ Ẹtì ni wọn yóò gbé e lọ síwájú adájọ́. Bó bá débẹ̀, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn, ẹ̀wọ̀n ló kù.

Kọmisẹ́ẹ̀ Gédéon, ọ̀gá ọlọ́pàá, ni wọ́n fa ọ̀ràn náà lé lọ́wọ́. Ọkùnrin tí kì í gbóhùn sókè ni, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kì í kúrò lára èèyàn. Ó pe Achille, Achille dáhùn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ẹni tó ti há a sórí. Ó pe Sandrine, ohun kan náà ni ọmọ ọ̀hún ń tún sọ, kò fi kún un, kò yọ níbẹ̀. Ara Gédéon ń sọ fún un pé ọmọ yìí kò purọ́, ṣùgbọ́n ta ló ń fi ohun tí ara ń sọ pe ẹjọ́?

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín, kò sẹ́ni tó fẹ́ràn Mádáàmù Claudine nílé ìwòsàn náà. Àgbà olùṣàyẹ̀wò iṣẹ́ ni ní àjọ ìlera ìjọba, Cotonou ló sì ti wá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi jókòó tì wọ́n, tó ń kọ bí oògùn ṣe ń ti ọwọ́ kan dé ọwọ́ kejì àti ibi tí iṣẹ́ ti ń há. Àwọn nọ́ọ̀sì ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní ó ń ka iye ìgbà tí àwọn mí. Èmi náà ì bá bá wọn rẹ́rìn-ín. Kí ni ìyẹn ń wò sàn?

Ní ọjọ́rú, obìnrin yìí wọ àgọ́ ọlọ́pàá tòun ti bébà fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ kan. Ó ti to gbogbo ìwé ìgboògùn ọdún méjì sórí rẹ̀, lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan, lábúlé kọ̀ọ̀kan.

“Kọmisẹ́ẹ̀, mi ò mọ olè mú,” ló wí. “Iṣẹ́ tèmi ni kí n to nǹkan, kí n sì wo ibi tó ṣófo. Ẹ wo Gbaffo. Yàtọ̀ sí oṣù méjì tó kẹ́yìn yìí, bí ọjọ́ márùn-ún bá ti pé, kò sẹ́ni tí ejò bù jẹ lọ́jọ́ náà. Ṣé ejò ibẹ̀ máa ń sinmi ni?”

Gédéon kò mọ èsì, nítorí ọmọ Porto-Novo lòun. Kò tijú láti sọ bẹ́ẹ̀, mo sì yìn ín fún un. Àwọn méjèèjì wọkọ̀, ó di Gbaffo, wọ́n bá ìyá arúgbó kan tí wọ́n ń pè ní ìyá Brice níbi tó ti ń pa ẹ̀pà níwájú ilé. Wọ́n kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, wọ́n bi í léèrè. Ìyá arúgbó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìhà mú.

“Ẹ̀yin ọmọ mi, ejò kọ́ ló ń sinmi, àwa ni. Lọ́jọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó ń gbé ọkọ́ lọ sóko ní àdúgbò yìí láti ìgbà àwọn baba wa. Àwa tí à ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ń pa á mọ́, àwọn tí kì í lọ náà ń pa á mọ́. Ọmọ ọdún méje mọ̀ ọ́n.”

Gédéon ṣí àwọn ìwé ayédèrú náà lórí orúnkún. Márùn-ún nínú wọn bọ́ sí ọjọ́ ìsinmi oko gan-an, a sì kọ ọ́ sára ọ̀kọ̀ọ̀kan pé ibi tí ẹni náà ti ń roko ni ejò ti bù ú jẹ. Ó wo Claudine, ó ṣí fìlà rẹ̀ fún un.

Nígbà tó fi máa di ọjọ́bọ̀, ó ti wádìí rí i pé àna Achille kan ní ilé ìwòsàn tirẹ̀ lójú ọ̀nà Parakou. Ó rán àwọn ọlọ́pàá lọ síbẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ó kó gbogbo òṣìṣẹ́ jọ sí àgbàlá ilé ìwòsàn, ó sì ní kí wọ́n mú Sandrine wá. Ó ṣàlàyé ohun tí bébà Claudine fi hàn. Achille rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní àṣìṣe lásán ni, pé èèyàn tó ń kọ irọ́ lè ṣi ọjọ́ kọ.

“Ọmọ Gbaffo kò lè ṣi ọjọ́ yẹn kọ, Májọ̀,” ni Gédéon wí. “Ibẹ̀ ni wọ́n bí Sandrine sí. Bó bá fẹ́ purọ́, kò ní fi ará ilé rẹ̀ sóko lọ́jọ́ tí ìyá rẹ̀ kò jẹ́ kó fọwọ́ kan ọkọ́ rí. Àlejò ló kọ ọ́. Ẹ̀yin àti Sandrine nìkan ni ìwé náà sì gba ọwọ́ yín kọjá. Ẹ̀yin lẹ jẹ́ àlejò, ẹ kò tíì pé ọdún kan níbí.”

Ó wá gbé páálí kan síwájú rẹ̀. Ìgò mẹ́sàn-án ni wọ́n bá nílé ìwòsàn àna rẹ̀, nọ́mbà ara wọn sì bá ti ìwé ilé oògùn mu ṣáká. Achille wo páálí náà, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Wọ́n tú Sandrine sílẹ̀ níbẹ̀. Ó lọ tààrà sí ọ̀dọ̀ Mádáàmù Claudine, ó kúnlẹ̀, ó ń dúpẹ́. Claudine fà á dìde.

“Má kúnlẹ̀ fún mi. Ọdún méjì lo fi kọ ìwé ilé oògùn lójoojúmọ́, o kò fo ọjọ́ kan. Ká ní o ti ń fò ó ni, n kì bá tí rí ibi tó ṣófo. Ìwọ lo gba ara rẹ.”

Láti ọjọ́ Ajé tí wọ́n ti mú un, Sandrine kò sunkún. Ìgbà yẹn ló bú sẹ́kún.