Ilé Tó Wà Létí Àfonífojì

Orí okùn ni mo wà lára àpáta tó dojú kọ odò, tí mo ń fi òòlù gbá òkúta wò, nígbà tí ọkùnrin kan figbe ta lókè: "Àǹtí, ẹ má bẹ́ o!" Ó rò pé mo fẹ́ para mi ni. Mo rẹ́rìn-ín títí òòlù fi bọ́ lọ́wọ́ mi.

Bí ìfẹ́ wa ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Iṣẹ́ wáyà iná ló ń ṣe. Ìyàwó Òkúta ló máa ń pè mí.

Ìyá rẹ̀ ló bà á jẹ́. Nínú pálọ̀ rẹ̀, ó wò mí láti òkè délẹ̀. "Èyí tó ń gun òkè bí alángbá yìí? Kò ní fẹ́ ọmọ mi!" Ọmọ rẹ̀ ń wolẹ̀, kò sọ nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ ìyá dùn mí, àmọ́ dídákẹ́ tó dákẹ́ ló pa mí. Mo búra pé màá gbẹ̀san.

Kò pẹ́, ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ àyẹ̀wò ilẹ̀ ní kí n lọ yẹ etí àfonífojì odò náà wò, kí n sọ ilé tó yẹ kí wọ́n kó kúrò. Ilé ìyá yìí ló ṣíwájú. Àpáta líle ló wà lókè, amọ̀ rírọ̀ ló wà lábẹ́ rẹ̀, odò sì ti jẹ amọ̀ náà wọnú. Gbogbo igi ibẹ̀ ti tẹ̀ nídìí. Ilẹ̀ ti sán lẹ́yìn kíṣìnnì. Kí n má tàn yín, inú mi dùn.

Ìyá fúnra rẹ̀ ló gbé àga fún mi. "Ìyàwó mi, jókòó. Ṣáà sọ pé ilẹ̀ wa dára, kí wọ́n má lé wa. Ká wá mú ọjọ́ ìgbéyàwó."

"Olólùfẹ́ mi, jọ̀ọ́," lọmọ rẹ̀ wí.

Háà! Ọwọ́ mi tẹ̀ wọ́n wàyí. Kí n ṣáà ti ní "ó dára", kí n kọjá sí òdìkejì odò, kí n máa retí òjò tó máa wó ilé wọn sódò. Mo ti lanu. Mo wá wo ojú ọmọ rẹ̀. Mo ṣì fẹ́ràn rẹ̀, orí mi ò!

"Ẹ kó jáde lónìí, mà. Ilẹ̀ yín ti ń yọ́ lọ sódò."

Ìyá fò dìde. "Ẹ̀san lò ń gbà! Ìkà!"

"Rárá o, mà. Tó bá jẹ́ ẹ̀san ni, ǹ bá ti ní ó dára."

Ọmọ rẹ̀ bú sẹ́kún, ó di ọwọ́ mi mú. "Àwa méjèèjì ńkọ́?"

Mo yọ ọwọ́ mi. "Lọ gbé fóòmù ìbùsùn ìyá ẹ jáde. Mo fẹ́ kó o pẹ́ láyé dáadáa, kó o máa rántí mi."