Àyè Kẹsàn-án ní Pápá Skelbrough

Òótọ́ ni. Mi ò ní bù mọ́ ọn, mi ò sì ní yọ kúrò níbẹ̀. Ojú ọ̀sán gangan ló ṣẹlẹ̀, níṣojú ọ̀pọ̀ èèyàn.

Lọ́dún ọ̀dá yẹn, koríko iwájú ilé ọlọ́lá àtijọ́ ní Skelbrough gbẹ bí awọ gbẹrẹfu. Àfi àwọn ibì kan tó gùn tó èèyàn tó nà gbalaja, tí wọ́n tò lẹ́sẹẹsẹ. Níbẹ̀, koríko tutù yọ̀yọ̀. Winifred Oldroyd mọ ìdí rẹ̀. Abúlé wà níbẹ̀ rí. Ọlọ́lá kan ló wó o láyé àtijọ́, torí kò fẹ́ máa rí òrùlé tálákà láti ojú fèrèsé rẹ̀. Ó wó ilé, kò hú òkú. Ìyá bàbá Winifred ti kọ́ ọ ní orúkọ wọn láti kékeré, láti ìlà kìíní dé ìgbẹ̀yìn.

Ọ̀gbẹ́ni Giles, tó ń ṣètò orin ìta gbangba lórí pápá náà, kò mọ èyíkéyìí. Ó rí àwọn àyè tútù, ó kọ nọ́ńbà sí wọn, ó ní ibẹ̀ làwọn èèyàn pàtàkì yóò jókòó.

"Sàréè ni o," Winifred sọ fún un.

"Màmá, koríko ni. Ẹ wá mu wáìnì díẹ̀."

Bryony, ọmọ ọmọ kan ṣoṣo tí Winifred ní, ló wà ní àyè kẹsàn-án. Páì ẹran ẹlẹ́dẹ̀ kún un lẹ́nu. Ọ̀rá ń ṣàn lágbọ̀n rẹ̀.

"Dìde níbẹ̀. Keziah Oldroyd lo jókòó lé."

"Màmá àgbà, ẹ tún ti dé! Keziah ò kúkú sọ pé mo wúwo."

Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín, èérún ń fò lẹ́nu wọn.

"Mo bẹ̀ ọ́, Bryony." Kì í bẹ èèyàn.

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ orin kan sí i."

Fayolíìnì bẹ̀rẹ̀. Ó dùn. Lójijì, ó dákẹ́. Àwọn ẹyẹ pẹ̀lú dákẹ́.

Lọ́kọ̀ọ̀kan, gbogbo àwọn tó wà lórí àyè tútù dùbúlẹ̀. Wọ́n na ẹsẹ̀ síhà ìlà oòrùn. Wọ́n ká ọwọ́ láyà. Ẹnu wọn kún fún oúnjẹ, àgbọ̀n wọn ò sì mì. Síbẹ̀, Winifred gbọ́ ìró jíjẹ. Jíjẹ pẹ́kẹ́pẹ́kẹ́, bí ẹlẹ́dẹ̀ tó ń jẹ nínú ọpọ́n.

Abẹ́ ilẹ̀ ló ti ń wá.

Àwọn tó wà lórí koríko gbígbẹ pàtẹ́wọ́. Wọ́n rò pé ara eré ni.

Winifred di ọwọ́ ọmọ ọmọ rẹ̀ mú. Ó tutù bí amọ̀. Ó pe Bryony lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Kò dáhùn.

Ó pe Keziah.

"Hẹn," ni Bryony wí.

Gbogbo wọn dìde. Wọ́n nu ẹnu. Ẹnìkan ń béèrè ẹni tó mu wáìnì òun.

"Kí lẹ ń wò lójú mi, Màmá àgbà?"

Bryony ń jẹun gan-an báyìí. Winifred kò lè bá a jẹ nínú abọ́ kan mọ́. Ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, ó ń fi abẹ́rẹ́ yọ erùpẹ̀ lábẹ́ èékánná Bryony. Erùpẹ̀ dúdú, tútù, tó ń rùn. Òjò ò sì tíì rọ̀ ní Skelbrough.

Bí oúnjẹ bá délẹ̀, Winifred kì í pe orúkọ ẹnikẹ́ni mọ́. Ó kàn ń fi ṣíbí lu abọ́.