Ọta Tí Ó Wà Lọ́wọ́ Ezra Sizemore

Ẹni tó bá fẹ́ jiyàn, kó lọ sí ìlú Harlow ní Oklahoma, kó wo òkúta tí wọ́n kọ orúkọ àwọn tó kú lójú ogun sí níwájú ilé ẹjọ́. Orúkọ kan wà nísàlẹ̀ pátápátá, lẹ́tà rẹ̀ mọ́ ju ti àwọn yòókù lọ. Bí orúkọ yẹn ṣe débẹ̀ ni mo fẹ́ sọ. Mi ò bù kún un. Ibi tí kò yé mi, mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ní ọdún 1986, Tackett ló ń tọ́jú àwọn fọ́tò ogun ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kékeré tó wà létí ojú irin. Ẹni ọdún márùndínláàádọ́rin ni. Ó ti fi ọgbọ̀n ọdún rìn kiri. Ó bá wọn kórè àlìkámà, ó sùn nínú ọkọ̀ ojú irin tó ń kó ẹrù, ó jẹun lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ̀ rí. Kí ó tó di alárìnkiri, ìdí àgbá ló wà nínú Ogun Àgbáyé Kejì, ibẹ̀ ni etí òsì rẹ̀ sì kú sí. Bí ẹ bá gbé fọ́tò àgbá àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà fún un, yóò sọ irú àgbá tó jẹ́ àti ìgbà tí wọ́n yà á. Kò sí idán níbẹ̀. Yóò fi rúlà wọn kẹ̀kẹ́ àgbá náà, yóò wọn ọ̀pá rẹ̀, yóò sì fi ọ̀kan wé èkejì. Ẹ̀ẹ̀mejì ló máa ń wọ̀n ọ́n, lónìí àti lọ́la. Kì í fọwọ́ sí ìwé kankan kí ó tó wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kejì.

Ní ọjọ́ Ajé kan nínú oṣù Kẹwàá, Leota Sizemore wọlé tọ̀ ọ́ wá, àpòòwé lọ́wọ́.

“Àǹtí Leota, ẹ jókòó. Kọfí wà ńbẹ̀. Ti àná ni o.”

“Ti ìjẹta ni, Tackett. Mo mọ̀ ẹ́.”

Ó yọ fọ́tò kan jáde. Ọkùnrin márùn-ún, àgbá kan, ẹrẹ̀, àti kùrukùru tó bo gbogbo ẹ̀yìn wọn. Ọ̀kan nínú wọn gbé ọta àgbá mọ́ àyà bí ẹni gbé ọmọ jòjòló.

“Bàbá mi nìyẹn. Ezra. Ọmọ ẹni tí wọ́n jọ wà nídìí àgbá ló fi ránṣẹ́ sí mi. Kò sí ọjọ́ kankan lẹ́yìn ẹ̀. Wọ́n ní ó sá lójú ogun ní ọjọ́ kẹrin oṣù Kẹwàá, 1918. Wọn ò rí òkú ẹ̀, wọ́n bá kọ ọ́ pé ó sá. Ìyẹn ni orúkọ ẹ̀ ò fi sí lára òkúta. Ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì ni ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó òkúta náà máa pàdé, lọ́jọ́ kejì ẹ̀ ni agbẹ́kùúta máa wá. Tí fọ́tò yìí bá jẹ́ ti ẹ̀yìn ọjọ́ kẹrin, a jẹ́ pé kò sá.”

“Tó bá wá jẹ́ ti ṣáájú ńkọ́?”

“A jẹ́ pé ọmọ ẹni tó sá ni màá kú. Dókítà ti ní kí n má wulẹ̀ ra ẹ̀wù òtútù tuntun.”

Tackett fẹ́ rẹ́rìn-ín. Kò rín in.

Nígbà tí obìnrin náà lọ, ó wọn fọ́tò náà. Ọ̀pá àgbá náà kò fi bẹ́ẹ̀ gùn ju kẹ̀kẹ́ lọ. Àgbá kúkúrú ni, irú èyí tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn ọmọ ogun níṣẹ́ nílé, kí wọ́n tó wọkọ̀ ojú omi. Ọdún 1917. Ó tẹ̀ ẹ́ sínú lẹ́tà tó fẹ́ fún ìgbìmọ̀. Lẹ́yìn náà ó jókòó, ó ń wo lẹ́tà náà bí ẹni pé ẹlòmíràn ló kọ ọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kejì. Ọ̀pá náà ti fi ìbú èékánná kan gùn sí i.

Ó nu awò tó fi ń mú kí fọ́tò tóbi lójú. Ó tún un wọ̀n. Ó tún un wọ̀n lẹ́ẹ̀kan sí i. “Ojú ti ń lọ nìyí,” ó sọ fún ara rẹ̀. Ó gbé gíláàsì lé fọ́tò náà, ó fi pẹ́ńsùlù ṣóńṣó fa àmì kan sára gíláàsì, síbi tí ẹnu àgbá dé gẹ́lẹ́.

Ní Ọjọ́rú, ẹnu àgbá ti kọjá àmì náà.

Afẹ́fẹ́ kì í sinmi ní Harlow. Lọ́jọ́ yẹn, ó sinmi. Tackett tẹ orí sórí fọ́tò náà, kò mí. Ó gbọ́ nǹkan. Ohùn jẹ́jẹ́ ni, bí òróró tí ń gba ihò tóóró kọjá. Ó mọ ohùn yẹn. Bí àgbá bá ti yin ọta tán, ọ̀pá rẹ̀ á sún sẹ́yìn, òróró inú rẹ̀ á sì dá a padà sípò. Kì í ju ìṣẹ́jú àáyá kan lọ. Èyí ti wà lẹ́nu rẹ̀ láti ọjọ́ Ajé.

Etí òsì ló fi gbọ́ ọ. Èyí tó ti kú.

Ìgbà yẹn ni àṣìṣe rẹ̀ tó yé e. Kì í ṣe àgbá kúkúrú. Àgbá gígùn ni, tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yìn, tí ọ̀pá rẹ̀ ṣì wà lẹ́yìn. Kò sí kámẹ́rà ayé ìgbà náà tó lè mú un kó mọ́ kedere báyìí, ìdí nìyẹn tí kò fi sí i lọ́kàn. Ó fa lẹ́tà náà ya.

Nígbà tó máa fi di ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, ọ̀pá náà ti padà sípò pátápátá. Àgbá gígùn tí àwọn Faransé fún wọn nígbà tí wọ́n sọdá òkun ni. Ohùn náà dákẹ́. Tackett rò pé ó parí. Ó wá rí i pé ẹsẹ̀ òsì Ezra ti kúrò níbi tó wà. Ọta ọwọ́ rẹ̀ náà sì ń yí. Wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì kọ nǹkan sí i lára, bí àwọn oníbọn ti máa ń ṣe. Lẹ́tà méjì ti yọ. L. E.

Ó ránṣẹ́ pe Leota. Obìnrin náà gba awò, ó wò títí. Kò pariwo.

“Ẹsẹ̀ ẹ̀ ò sí níbẹ̀ yẹn lọ́jọ́ Ajé.”

“Kò sí níbẹ̀.”

“Ó ń rìn, Tackett.”

“Ó ń rìn, Àǹtí.”

Wọ́n gbé kámẹ́rà tí í tẹ fọ́tò jáde lójú ẹsẹ̀, wọ́n ya fọ́tò náà. Ohun tó jáde ni ti ọjọ́ Ajé: ọ̀pá kúkúrú, ọta tó kọ ẹ̀yìn. Wọ́n yà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Bákan náà ni. Ojú nìkan ló rí i.

Ní aago mẹ́jọ àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ọ̀rọ̀ náà ti yọ tán. Lẹ́tà rẹ̀ wọ́, bí ti ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ tutù. LEOTA. 19 OṢÙ KẸWÀÁ 1918.

Leota fọwọ́ bo ẹnu. “Màmá mi ní kò mọ orúkọ mi kó tó kú. Wọ́n ní lẹ́tà tí àwọn fi sọ fún un pé àwọn ti bí mi ò tíì lè dé ọ̀dọ̀ ẹ̀.”

“Ó dé ọ̀dọ̀ ẹ̀.”

Ṣùgbọ́n orí ọta náà ti kan ìdí àgbá, níbi tí ọta ń gbà wọlé. Tackett wọ̀n ọ́n. Ó dúró, ó tún un wọ̀n. Bí ó bá ń lọ báyìí, orúkọ náà á ti wọlé tán kí aago mọ́kànlá tó lù. Ọ̀sán gangan ni ìpàdé.

Ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ ló ti bá Hobart, alága ìgbìmọ̀. Ọṣẹ ṣì wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kan.

“Dìde, ká lọ.”

“Bàbá Tackett, ṣé ilé ń jó ni?”

“Ilé tó ń jó ì bá dúró dè ẹ́. Èyí ò ní dúró.”

“Ẹ mú fọ́tò yín wá sí ìpàdé. Ibẹ̀ la ti ń wò ó.”

“Hobart, ọdún kẹfà rèé tí mo ti wà nílùú yìí. Ṣé mo ti tọrọ nǹkan kan lọ́wọ́ ẹ rí?”

Hobart rò ó. “Ẹ tọrọ bàtà.”

“O ò fún mi. Fún mi ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá dípò ẹ̀.”

Onígbàjámọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Hobart dìde pẹ̀lú tówẹ̀lì lọ́rùn.

Nígbà tí wọ́n dé, lẹ́tà mẹ́ta àkọ́kọ́ ti wọlé. Hobart tẹ̀ba lórí awò. Wọ́n gbọ́ tí aago ara ògiri ń lù. Wọ́n gbọ́ tí ọṣẹ ń kán sórí bàtà rẹ̀. Ó rí T. Ó rí A. Ó rí ọjọ́ náà. Ó sì rí ìyókù, nítorí kò gbójú kúrò. Lójú rẹ̀ ni T wọlé. Lójú rẹ̀ ni A tẹ̀ lé e.

Ó yọ tówẹ̀lì lọ́rùn, ó dì í mú sí àyà bí ẹni tó ṣí fìlà.

“Báwo ni wọ́n ṣe ń kọ Sizemore?” Kò béèrè nǹkan mìíràn. Kò tíì béèrè títí di òní.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, wọ́n ń gbọ́ òòlù agbẹ́kùúta láti iwájú ilé ẹjọ́. Ta. Ta. Ta. Nínú fọ́tò, wọ́n ti ti ìdí àgbá pa. Ọwọ́ Ezra ti ṣófo. Ó ń gbé méjèèjì lọ sí etí. Ọkùnrin tó wà lápá ọ̀tún ti di okùn tí wọ́n fi ń yin àgbá mú, okùn náà sì ń le.

Tackett yí tábìlì náà díẹ̀díẹ̀, títí ẹnu àgbá fi kọjú sí fèrèsé. Ìta fèrèsé, pápá ló wà níbẹ̀. Ó jáde, ó lé màlúù méjì kúrò. Ó padà wọlé, ó ṣí fèrèsé sílẹ̀.

“Ṣé ó máa dún?” Leota béèrè.

“Mi ò mọ̀.”

“Ṣé kí n kúrò níbí?”

“Ṣé ẹ fẹ́ kúrò?”

Obìnrin náà fa àga sún mọ́ tábìlì.

“Ẹ la ẹnu yín nígbà náà, Àǹtí. Òun ló ń gba etí là.”

Ó la ẹnu. Tackett jókòó tì í, òun náà la tirẹ̀. Níta, òòlù dákẹ́. Afẹ́fẹ́ sinmi. Àwọn màlúù tó wà lókèèrè gbé orí sókè.

Nínú fọ́tò, ọwọ́ Ezra Sizemore ti dé etí rẹ̀. Òun náà sì ti la ẹnu.