Orúkọ Bọ̀ọ̀dá Ló Wà Lórí Iṣẹ́ Mi

"Lọ́wọ́ ta lo ti da iṣẹ́ yìí kọ?"

Bí obìnrin olùdánwò ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà tí mo fẹ́ wọ̀ ṣe bi mí nìyẹn, ó sì yí ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀ sí mi. Mo wò ó. Iṣẹ́ mi tí mo fi ránṣẹ́ sí wọn fún ìdánwò ìwọlé ló wà níbẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, àtọ̀rọ̀ àtàṣìṣe. Orúkọ Bọ̀ọ̀dá mi, ọmọ ìyá mi, ni wọ́n kọ sókè rẹ̀, ó sì ti wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn.

"Mi ò da ẹnikẹ́ni kọ, Mà."

"Orúkọ bàbá kan náà lẹ jọ ń jẹ́. Ilé ẹ̀kọ́ yìí kì í gba ẹni tó bá jí iṣẹ́ oníṣẹ́. Lọ sílé, kí o padà wá lọ́la wá sọ òtítọ́ fún mi. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí àǹfààní mìíràn mọ́."

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí iṣẹ́ náà jẹ́, torí ẹni tí kò mọ iyì ohun tí wọ́n jí kò ní mọ bó ṣe dùn mí tó. Bàbá mi ní ilé ìtẹ̀wé, kọ̀ǹpútà ló sì ń darí ẹ̀rọ rẹ̀. Nínú ọkàn ètò ìdarí kọ̀ǹpútà yẹn, níbi tó jinlẹ̀ jù lọ, ẹ̀yà kékeré kan wà tó jẹ́ pé òun ló ń bá ẹ̀rọ ìtẹ̀wé sọ̀rọ̀. Bí ẹ̀rọ bá ń ṣe ségesège, a lè ní kí ẹ̀yà náà máa kọ gbogbo ohun tó ń ṣe sílẹ̀, ká lè mọ ibi tó ti kọsẹ̀. Ìtọpasẹ̀ la máa ń pè é. Ìyọnu ibẹ̀ ni pé nọ́ńbà ni wọ́n fi ń tan án: oókan fún bébà, eéjì fún tàdáwà, ẹẹ́rin fún ooru. Ẹni tó bá fẹ́ tàdáwà pẹ̀lú ooru á ro wọ́n pọ̀, á kọ ẹẹ́fà. Bàbá mi á kọ eéje, á wá máa bú kọ̀ǹpútà bí ẹni pé ó létí.

Odindi oṣù mẹ́fà ni mo fi tún un ṣe lẹ́yìn iṣẹ́ ilé ìwé. Mo pa nọ́ńbà tì. Ẹni tó bá fẹ́ tọpasẹ̀ tàdáwà, kó kọ "tàdáwà", ó tán. Ẹni tó bá ṣì í kọ, ètò náà á fi ohun tó lè kọ hàn án. Lọ́jọ́ tí Bàbá kọ́kọ́ lò ó, ó rẹ́rìn-ín títí.

Bọ̀ọ̀dá, tó kọ́ mi ní kọ̀ǹpútà láti kékeré, ní kí n fi ránṣẹ́ sóun kóun bá mi yẹ̀ ẹ́ wò. "Ọ̀jọ̀gbọ́n," bó ṣe máa ń pè mí nìyẹn, "o ti fẹ́ ju ẹ̀gbọ́n ẹ lọ o!" Orí mi wú. Kò pẹ́ sígbà yẹn ló ríṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ ńlá kan. Gbogbo wa bá a yọ̀, kódà èmi ni mo bá a fi áyọ́ọ̀nù lọ ẹ̀wù tó wọ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Mo bá òun àti Bàbá ní pálọ̀ nígbà tí mo délé láti ọ̀dọ̀ obìnrin olùdánwò náà.

"Bọ̀ọ̀dá, orúkọ yín ni mo rí lórí iṣẹ́ mi."

Kò tilẹ̀ béèrè pé iṣẹ́ wo. Ó ń wolẹ̀. "Wọ́n ní kí n mú nǹkan tí mo ti ṣe rí wá, mi ò sì ní nǹkan kan lọ́wọ́. Mo rò pé eré lásán lò ń fi tìẹ ṣe."

"Eré kẹ̀?"

"Sọ fún wọn pé ara tèmi lo ti kọ́ ọ. O ṣì kéré, wàá tún ìdánwò ṣe lọ́dún tó ń bọ̀. Èmi ńkọ́? Tí wọ́n bá lé mi níbi iṣẹ́, ó parí fún mi nìyẹn."

Mo yíjú sí Bàbá, tó mọ ẹni tó ṣiṣẹ́ náà ju ẹnikẹ́ni lọ. Ó ń fi aṣọ nu ọwọ́ tí kò dọ̀tí.

"Ọmọ mi, ẹ̀jẹ̀ kan náà ni yín. Jọ̀ọ́, fara mọ́ ọn."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju olè tí wọ́n jà mí lọ. Àwọn àgbà ní ẹni a ní kó kín ni lẹ́yìn, ẹ̀gún ló fi sọ́wọ́. Ẹni a ní kó fẹ́ ni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Mo ti kọ òwe yẹn sínú ìdánwò rí, mo sì gba máàkì, àmọ́ ọjọ́ yẹn ni mo tó mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Mo sunkún títí ojú mi fi wú. Kí n má parọ́, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà fún wọn. Ta ló fẹ́ kí wọ́n lé ẹ̀gbọ́n òun níbi iṣẹ́?

Nígbà tí mo padà lọ lọ́jọ́ kejì, ìbéèrè mìíràn ni obìnrin náà bi mí. "Kí ló dé tí ìtọpasẹ̀ yìí fi máa ń dákẹ́ fúnra rẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá?"

Mo mọ̀ pé bí mo bá ní mi ò mọ̀, Bọ̀ọ̀dá yọ nínú ewu nìyẹn, èmi á sì gbàgbé ilé ẹ̀kọ́. Mo mí kanlẹ̀.

"Torí bàbá mi ni, Mà. Ó tan án láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó sì gbàgbé ẹ̀. Ìtọpasẹ̀ náà ń kọ, ó ń kọ, títí inú kọ̀ǹpútà fi kún. Ẹ̀rọ wá dá iṣẹ́ dúró nígbà tí ìwé ìdánwò ilé ìwé kan ṣì kù bí ìdajì. Mo wá rò ó pé ìgbàgbé ò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ó yẹ kí ètò náà máa bá èèyàn rántí."

Ó gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀. "Mo pe ẹ̀gbọ́n rẹ láàárọ̀ yìí, mo bi í ní ìbéèrè kan náà. Ó ní òun kàn rò pé ó dáa bẹ́ẹ̀ ni. Ta ló ṣiṣẹ́ yìí?"

"Èmi ni, Mà. Èmi nìkan." Omi ti ń dà lójú mi kí n tó sọ ọ́ tán.

Wọ́n gbà mí. Obìnrin náà kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ Bọ̀ọ̀dá, kò sì pé ọ̀sẹ̀ kan tí wọ́n ní kó máa lọ sílé. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Tirẹ̀ ò lò ju oṣù mẹ́ta lọ. Bàbá pè mí sí kọ̀rọ̀, ó ní ó yẹ kóun ti sọ òtítọ́ lọ́jọ́ náà. Mo kúnlẹ̀, mo ní ó ti tán, àmọ́ kò tíì tán nínú mi.

Lọ́jọ́ tí mò ń di ẹrù mi lọ sí ilé ẹ̀kọ́ náà, Bọ̀ọ̀dá wá dúró sẹ́nu ọ̀nà.

"Ọ̀jọ̀gbọ́n, o ti ba tèmi jẹ́."

"Bọ̀ọ̀dá, ká ní ẹ béèrè lọ́wọ́ mi ni, ǹ bá kọ orúkọ àwa méjèèjì sí i."

Ó gbé àpótí mi, ó sì bá mi gbé e dé ìdí ọkọ̀.

Ó ti ríṣẹ́ mìíràn báyìí. Ó máa ń pè mí, á béèrè pé kí ni mò ń ṣe lọ́wọ́, èmi á sì ní àlàáfíà ni mo wà. Mo ti ṣe iṣẹ́ méjì parí láti ìgbà náà, kò sì tíì rí ọ̀kankan nínú wọn. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ má ṣe fi orúkọ yín sórí iṣẹ́ tí ẹ ò ṣe. Ẹni tí wọ́n lé níbi iṣẹ́ lè ríṣẹ́ mìíràn, àmọ́ ìgbẹ́kẹ̀lé tó bá jáde nílé kì í tètè mọ̀nà padà.