Àlejò Tó Pa Ẹnu Mọ́

Ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan lọ́dún 1991, omi padà dé sí Sawaba, àdúgbò kan ní ìlú Kumasi lórílẹ̀-èdè Ghana. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ kan tí ẹnu ẹ̀rọ omi ti gbẹ, tí àwọn obìnrin ń ru garawa lọ títí dé Krofrom. Nígbà tí ẹ̀rọ wá bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, tó tu afẹ́fẹ́ jáde, tó pọ omi pupa díẹ̀, tí omi náà wá mọ́, ariwo ayọ̀ sọ nínú agboolé. Ìbẹ̀rẹ̀ òṣì, bí ọmọ ọlọ́rọ̀ ní í rí.

Adéyínká jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà, ó ń fi epo nu ṣéènì kẹ̀kẹ́ tó fẹ́ gbé lọ sọ́jà. Ẹ̀yà ara kẹ̀kẹ́ ni ó ń tà, bí bàbá rẹ̀ tó ti Ìnísà wá ti ń tà á kí wọ́n tó bí òun sí Kumasi. Ilé náà, ilé bàbá rẹ̀ ni. Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, ọmọbìnrin ọlọ́dún méje. Olúṣọlá ni òun ń pè é. Akosua ìyá rẹ̀, ọmọ Ashanti pọ́ńbélé, ń pè é ní Akua nítorí pé ọjọ́rú ni wọ́n bí i. Bí wọ́n bá rán ọmọ náà níṣẹ́ lórúkọ kan, á ní èkejì ni wọ́n pè. Bí wọ́n bá ń pín ẹran, á ní àwọn méjèèjì ló wá.

Láàárọ̀ ọjọ́ yìí, Akosua ti lọ sọ́jà kí ilẹ̀ tó mọ́. Ọmọ gbé ife, ó sáré lọ sídìí ẹ̀rọ, ó mu yó, ó tún bu ti bàbá rẹ̀ wá.

"Papa, ẹ gbà, ó tutù."

Adéyínká mu ìlàjì, ó dá ìyókù padà fún un. Ọmọ gbé e mì gbàùgbàù, ó sì fi apá nu ẹnu.

Ohun kan wà tí gbogbo ilé náà mọ̀ nípa omi yẹn. Lẹ́yìn ilé, níbi tí ṣáláńgá gbogboogbò wà, páìpù omi ti bẹ́ láti bí oṣù mélòó kan. Ẹ̀gbin ṣáláńgá ń ṣàn sínú gọ́tà, páìpù náà sì sùn sínú gọ́tà yẹn bí ejò tó yó. Bertha, nọ́ọ̀sì tó gba yàrá méjì nínú ilé náà, ni ó kọ́kọ́ fi ọ̀ràn náà lọ Adéyínká. Ọmọ ìjọ wọn ni. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni àwọn òbí rẹ̀, ṣùgbọ́n Kumasi ni wọ́n bí i sí.

"Brọ̀dá Yínká," ó ní, "bí omi bá ń ṣàn, agbára rẹ̀ ń ti ìdọ̀tí síta lójú ihò yẹn. Àmọ́ bí omi bá lọ, páìpù á ṣófo, á wá máa fa ohun tó yí i ká sínú bí ọmọ tó ń fa ọyàn. Ẹ sì mọ ohun tó yí i ká. Ọjọ́ tí omi bá padà dé, ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ ṣàn dànù, kí ẹ sì sè é kó hó yaya kí ẹnikẹ́ni tó mu ún. Ìyẹn kàn ń gbà wá fún ìgbà díẹ̀ ni, kò tún páìpù ṣe. Ẹ lọ sí ọ́fíìsì tó ń mójú tó omi. Èmi lọ, wọ́n ní ayálégbé ni mí, onílé tí páìpù wà lẹ́yìn ilé rẹ̀ ni kó wá."

Adéyínká mọ̀ pé òótọ́ ló sọ. Ṣùgbọ́n òfin kan wà láàárín àwọn Yorùbá àdúgbò náà, tí ẹnìkan ò kọ sílẹ̀, tí púpọ̀ nínú wọn sì ń pa mọ́: ọmọ Yorùbá kan kì í dá gbé ẹjọ́ lọ sí ọ́fíìsì ìjọba. Iwájú Bàbá Sàlàkọ́, olórí wọn, ni a ó gbé e wá. Òun ni yóò mọ èyí tó ṣeé sọ. Láti ọdún 1969 ni òfin náà ti wà, nígbà tí ìjọba pàṣẹ pé kí àlejò tí kò ní ìwé kó jáde nílẹ̀ Ghana. Ọmọdé ni Adéyínká nígbà náà, ṣùgbọ́n kò gbàgbé bí ìyá rẹ̀ ṣe jókòó sórí ẹrù nínú ọkọ̀ lọ́rì, tó ń wo ẹnu ọ̀nà ilé wọn títí ọkọ̀ fi yà ní kọ́nà. Ìgbà tí ayé rọ̀ ni wọ́n padà wá. Ìyá kò bá wọn padà. Ó ti kú sí Ìnísà. Ẹni tí ejò bá bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, yóò sá.

Nígbà tí wọ́n ṣe ìpàdé lẹ́yìn ìsìn, Adéyínká dìde, ó ro ẹjọ́ páìpù. Bàbá Sàlàkọ́ gbọ́ ọ tán, ó rẹ́rìn-ín.

"Yínká ọmọ mi, bí àlejò bá ní ọbẹ̀ onílé kò níyọ̀, ṣé ọbẹ̀ ni wọ́n máa gbé kúrò ńlẹ̀ àbí àlejò?"

Gbogbo ilé fi ẹ̀rín sí i. Bàbá wá sọ fún wọn pé ibi tí a bá ń gbé là á ṣe, pé lọ́jọ́ tí Yorùbá kan bá la ẹnu sọ pé nǹkan Ghana bàjẹ́, wọn yóò ní kó lọ tún ti Nàìjíríà ṣe ná. Ó ní kí wọ́n máa se omi wọn, kí wọ́n sì máa gbàdúrà. Adéyínká jókòó. Kí á sọ òótọ́, inú rẹ̀ dùn pé Bàbá Sàlàkọ́ gba ẹrù náà lórí òun.

Àlímì, télọ̀ kan ní àdúgbò Moshie Zongo tó jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀, ni kò fọwọ́ sí i. Ó wá ra táyà ní ṣọ́ọ̀bù lọ́sẹ̀ yẹn, ó sì sọ tirẹ̀.

"Èmi lọ nítorí gọ́tà tiwa. Wọ́n bú mi o. Ẹni tó jókòó sídìí tábìlì ní kí n lọ kó gọ́tà Èkó ná. Mo ní ẹ ṣé ọ̀gá, àmọ́ tiyín ò tíì ṣàn. Wàláhì, kó tó di Jímọ̀ wọ́n ti wá kó o. Èébú kì í lẹ̀ mọ́ni lára, Yínká. Ìgbẹ́ ló ń lẹ̀."

Adéyínká rẹ́rìn-ín, kò sì lọ. Nígbà tó délé, Akosua gbé gbólóhùn tirẹ̀ kalẹ̀. Ó ní bí ẹ̀rù bá ń ba ọkọ òun, kí ó jẹ́ kí òun lọ, òun kì í ṣe àlejò lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni, àwọn obìnrin ọjà sì ti ṣetán láti bá òun lọ.

"Ìyàwó àlejò, àlejò ni," Adéyínká dáhùn. "Bí o bá sọ̀rọ̀ níbẹ̀, wọ́n á ní èmi ni mo rán ọ. Ọmọ àlejò ni Olúṣọlá náà. Jẹ́ kí á jẹun wa ní jẹ́jẹ́."

"Yoo," Akosua ní, bí àwọn Ashanti ṣe ń dáhùn pé ó dáa nígbà tí kò dáa. Láti ọjọ́ náà, òun ni ó ń se omi ilé. Bí kò bá sí nílé, kò sẹ́ni tó ń sè é.

Ọjọ́ tí kò sí nílé ni omi dé yẹn.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, inú bẹ̀rẹ̀ sí í run ọmọ náà. Inú run Adéyínká náà díẹ̀, ó sì lọ. Ti ọmọ kò lọ. Ó ń yàgbẹ́ tó dà bí omi tí a fi fọ ìrẹsì, ó ń bì, ojú rẹ̀ sì ń wọnú. Akosua fẹ́ fún un ní omi. Adéyínká ní rárá. Bí wọ́n ṣe tọ́ òun nìyẹn, pé omi ló ń di ìgbẹ́ gbuuru, pé bí a bá dá omi dúró, ìgbẹ́ á dúró. Ó gbé ife kúrò nítòsí.

"Papa, omi."

"Ó ń bọ̀, ìyá mi. Ní sùúrù."

"Papa, díẹ̀."

Kò fún un.

Nígbà tí Bertha dé láti ibi iṣẹ́ ní ìrọ̀lẹ́, ó rí ọmọ náà, ó sì ju báàgì rẹ̀ sílẹ̀. Ó fa awọ ikùn ọmọ sókè; awọ náà dúró bẹ́ẹ̀, kò padà.

"Ta ló ní kí ẹ má fún un lómi? Onígbáméjì nìyí. Omi ara rẹ̀ ló ń tán, omi náà la gbọ́dọ̀ fi dípò rẹ̀. Omi sísè tó ti tutù, lítà kan. Ṣíbí kékeré mẹ́fà ṣúgà, ààbọ̀ ṣíbí iyọ̀, kí ṣíbí tẹ́jú, ẹ má jẹ́ kó ga. Ẹ máa fún un díẹ̀díẹ̀, bó bá bì, ẹ dúró díẹ̀, kí ẹ tún fún un. Brọ̀dá Yínká, ẹ wá ọkọ̀. Ojú ọ̀nà la ó ti máa fún un, ilé kọ́."

Wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù. Wọ́n wá iṣan tí wọ́n lè gba fún un lómi, iṣan ti sá wọnú. Dókítà ń ṣiṣẹ́ lọ, ó ń béèrè lọ: níbo ni wọ́n ti ń pọn omi, ọmọ Sawaba mìíràn méjì ti wà ní wọ́ọ̀dù, ṣé kò sẹ́ni tó sọ fún ọ́fíìsì kankan ni? Akosua yíjú sí ọkọ rẹ̀. Adéyínká wo ilẹ̀. Kí dókítà tó rí iṣan, ọmọ náà ti dákẹ́.

Àwọn nọ́ọ̀sì ní kí wọ́n má gbé òkú rẹ̀ lọ sílé láti wẹ̀ ẹ́, nítorí àìsàn náà ń ran ẹni tó bá fọwọ́ kàn án. Wọ́n dì í, wọ́n tẹ́ ẹ sínú pósí, wọ́n sì tì í. Akosua kò rí ojú ọmọ rẹ̀ mọ́. Nítorí pé ti ìyá ni ọmọ lọ́dọ̀ àwọn Ashanti, Kwaku, ẹ̀gbọ́n Akosua, ti abúlé wọn wá gbé e lọ sin lọ́hùn-ún. Pósí nìkan ni ẹ̀tọ́ bàbá. Adéyínká rà á. Pósí kékeré bí àpótí tó ń jókòó lé.

Nígbà tí wọ́n ti ibojì dé, Kwaku mú àna rẹ̀ jókòó sábẹ́ igi lẹ́yìn ilé wọn. Ẹni jẹ́jẹ́ ni; kò gbóhùn sókè.

"Akonta," ó ní, bí wọ́n ṣe ń pe ọkọ arábìnrin ẹni, "mo gbọ́ pé àbúrò mi fẹ́ lọ sọ̀rọ̀ omi yẹn, o ní kó má lọ, pé àlejò ni yín."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Òfin àtayébáyé kan wà lọ́dọ̀ wa. A kì í nàka sí orírun ẹnìkan. Láti ìgbà tí o ti fẹ́ Akosua, ṣé ẹnìkan nínú ilé yìí nàka sí tìrẹ?"

"Rárá o."

"Ìwọ fúnra rẹ lo nàka sí i. O wá nàka sí ti Akua pẹ̀lú. Akonta, ọmọ wa ni. Ta lo bi léèrè kí o tó sọ ọmọ wa di àlejò?"

"Ẹ̀gbọ́n," Adéyínká ní, "ìjọba yín nàka sí tèmi nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Wọ́n kó wa sínú lọ́rì. Ibẹ̀ ni ẹ̀rù yẹn ti wọ̀ mí lára."

Kwaku mi orí. Òun náà ti ń sunkún. "Òótọ́ ni. Ẹ̀bi wa nìyẹn. Ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ fún wa, bí kì í bá ṣe ẹni tí ọ̀rọ̀ náà dùn?"

Akosua kò bá ọkọ rẹ̀ padà sí Kumasi. Kò bá a jà. Ìbá sàn kó jà. Ó kàn ní kí ó máa lọ.

Adéyínká lọ sí ọ́fíìsì omi, kò gba ọ̀dọ̀ Bàbá Sàlàkọ́. Ó sọ ibi tí páìpù wà, ìgbà tó ti bẹ́, àti ohun tí Bertha ṣàlàyé fún un. Akọ̀wé tó bá níbẹ̀ gbọ́ ohùn rẹ̀, ó gbọ́ orúkọ rẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní ẹ̀yin ará Nàìjíríà fẹ́ràn àròyé, kí ló dé tí kò lọ sọ tẹnu rẹ̀ nílé.

"Ilé mi nìyí," Adéyínká ní. "Ọmọ mi wà nínú ilẹ̀ rẹ̀."

Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu ọkùnrin náà. Ó dìde, ó fa àga fún un. Lọ́jọ́ kejì wọ́n rán èèyàn méjì wá pẹ̀lú páìpù tuntun. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ nígbà tí àwọn ọmọ ilé-ìwé ń lọ. Kí wọ́n tó tú àwọn ọmọ sílẹ̀ fún oúnjẹ ọ̀sán, iṣẹ́ ti parí. Adéyínká dúró tì wọ́n títí wọ́n fi kó irinṣẹ́ wọn. Kí wọ́n tó lọ, ọ̀kan nínú wọn ní kí ló dé tí ẹ ò ti tètè sọ, iṣẹ́ kékeré ni.

Ẹ̀yin tó ń kà á, púpọ̀ nínú wa ló ń gbé lórí ilẹ̀ tí a kò bí bàbá wa sí. Àwọn àgbà wa sọ pé bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, bí a kò bá wí fún un, hùrùhẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Wọn kò ní kí á kọ́kọ́ béèrè ta ló kọ́ ilé náà. Ẹni tó sọ pé òrùlé ń jò, onílé kọ́ ló bú. Bí o bá ń bú ìlú nítorí ìgbéraga, ìyẹn kò dára, bó o tilẹ̀ jẹ́ ọmọ onílẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó o fojú rí, tó lè pa ọmọ èèyàn, mú aládùúgbò rẹ dání, lọ sọ ọ́ ní tútù níbi tó yẹ. Bí wọ́n bá bú ọ, gba èébú náà, kí o tún un sọ. Ẹ̀yin onílẹ̀ náà, ẹni tó ń san owó orí bíi tiyín, tó ń mu omi kan náà, ẹ má sọ fún un pé kó lọ wí tẹnu rẹ̀ níbòmíràn; bóyá ọmọ tiyín ló ń bẹ̀bẹ̀ fún. Àti bàbá àti ìyá tí ìgbẹ́ gbuuru bá dé bá ọmọ rẹ̀ lálẹ́ òní: bó bá béèrè omi, fún un ní omi sísè oníyọ̀ àti ṣúgà yẹn, kí o sì gbé e, kí o máa lọ.